Lẹ́tà tí Leo Strauss kọ ní 1933: ṣé ó túúbá?

Ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 1933 ni. Ọmọ Júù kan láti Jámánì, ẹni ọdún 33, wà ní Paris, ó ń kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Láti oṣù Kìíní ni Hitler ti gorí àlééfà. Ní oṣù Kẹrin, òfin jáde tó lé àwọn Júù kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, títí kan àwọn olùkọ́ yunifásítì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ṣáájú lẹ́tà yìí ni wọ́n kó ìwé jọ ní gbàgede kan ní Berlin, tí wọ́n sọ iná sí i. Ẹni tó ń kọ lẹ́tà náà kò ní ibi tó lè padà sí nílé mọ́.

Ohun tó kọ rèé, ní èdè tiwa:

“Pé Jámánì tuntun ti apá ọ̀tún kò gbà wá láyè, ìyẹn kò sọ ìlànà apá ọ̀tún di búburú. Òdìkejì rẹ̀ ni: orí ìlànà apá ọ̀tún nìkan, ìyẹn ìlànà fáṣíìsì, ìlànà aláṣẹ, ìlànà ilẹ̀ ọba ńlá, lèèyàn lè dúró lé láti tako ìwà ìríra játijàti yìí bó ṣe yẹ ẹni iyì, láìjẹ́ pé ó ń sá di ‘ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí kò ṣeé gbà lọ́wọ́ ẹni’, ohun ẹ̀rín àti ohun ẹ̀gàn.”

Apá ọ̀tún nínú òṣèlú ni àwọn tó ń gbé àṣẹ, àṣà àti orílẹ̀-èdè ga ju ìdọ́gba lọ. Bí ẹni tí ẹkùn lé wọ inú igbó, tó wá ń yin èékánná ẹkùn. Leo Strauss lorúkọ ọkùnrin náà. Nígbà tó yá, ó di ọ̀kan lára àwọn olùkọ́ ìmọ̀ òṣèlú tí òkìkí wọn kàn jù lọ ní Amẹ́ríkà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì tàn ká yunifásítì àti ọ́fíìsì ìjọba níbẹ̀. Nítorí gbólóhùn méjì yìí, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń fa ara wọn láṣọ ya fún ogún ọdún ó lé.

Àwọn kan ní fáṣíìsì paraku ni, pé ó kàn daṣọ bò ó títí ó fi kú ni. Àwọn mìíràn ní ọ̀rẹ́ ìjọba àwaarawa ni, pé àwọn tó ń fẹ̀sùn kàn án kò mọ ìwé kà. Ẹni tó bá bọ́ sáàárín wọn láìmọ ìdí ọ̀rọ̀, orí á dà á rú. Lójú tèmi, ohun tó jẹ́ kó rú èèyàn lójú ni pé ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n fi okùn kan ṣoṣo dì. Kí ni ọkùnrin yìí gbà gbọ́ ní 1933? Ṣé ìgbàgbọ́ náà bá a wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà? Ṣé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jogún rẹ̀? Èèyàn lè dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” sí ti àkọ́kọ́ kó sì dáhùn “rárá” sí ti ìkẹta, kò sì tíì ta ko ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tí à ń sọ ná. Kirchhain, ìlú kékeré kan ní agbègbè Hesse, ni wọ́n bí i sí ní 1899, nínú ilé Júù tó ń pa àṣà mọ́. Ó ṣe ògbufọ̀ fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun Jámánì ní Belgium nígbà ogun àgbáyé kìíní. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Hamburg ní 1921, ó sì ṣiṣẹ́ ní Berlin ní ilé ìwádìí kan tó wà fún ìmọ̀ àwọn Júù. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ló ti wà lára àwọn tó ń polongo pé kí àwọn Júù ní ilẹ̀ tiwọn. Ní 1932, owó ìrànwọ́ Rockefeller ló gbé e dé Paris. Ọ̀kan lára àwọn tó kọ̀wé pé ó yẹ kí wọ́n fún un lówó náà ni Carl Schmitt, amòfin ńlá ilẹ̀ Jámánì. Schmitt yìí kan náà wọ ẹgbẹ́ òṣèlú Násì ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún 1933. Ẹ ka ọjọ́ wò: kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú lẹ́tà.

Ẹni tí wọ́n kọ lẹ́tà náà sí ni Karl Löwith. Òun náà jẹ́ amòye, ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Martin Heidegger, amòye ńlá ilẹ̀ Jámánì. Ẹ̀jẹ̀ Júù ni, ṣùgbọ́n ó ti ṣèrìbọmi, ó ti di Kìrìsìtẹ́nì. Torí pé ó jagun fún Jámánì tó sì fara gbọgbẹ́, òfin oṣù Kẹrin yẹn kò tíì kàn án lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, yóò wúlò láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá tú lẹ́tà náà wò, torí pé gbólóhùn méjì yẹn làwọn èèyàn máa ń já gbà, tí wọ́n á sì fi ìyókù sílẹ̀.

Gbogbo lẹ́tà náà, èdè Jámánì ni, ṣùgbọ́n nígbà tó kan “ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí kò ṣeé gbà lọ́wọ́ ẹni”, ó fi í sílẹ̀ ní èdè Faransé. Ó ń tọ́ka sí ìkéde ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí ilẹ̀ Faransé ṣe ní 1789. Kí ló dé tó fi ń fi í ṣẹ̀sín? Ìdí ni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i bó ṣe já sí ní Jámánì. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1919 kó ẹ̀tọ́ síwájú àwọn ará Jámánì lọ́pọ̀ yanturu, ìyẹn sáà ìjọba tí wọ́n ń pè ní Weimar. Nígbà tí àwọn tó ní kùmọ̀ àti ìbọn dé, ẹ̀tọ́ orí ìwé kò gba ẹnikẹ́ni là. Hitler kò tilẹ̀ fọ́lẹ̀kùn, ojú ọ̀nà òfin ló gbà wọlé. Ní 1965, nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú tó kọ sí ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìwé rẹ̀ lórí Spinoza, amòye Júù kan, Strauss ṣàpèjúwe Weimar bí ìdájọ́ òdodo tí kò ní idà lọ́wọ́, tàbí tí kò lè lo idà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ 1965 yẹn, ọmọ ìyá kan náà ni pẹ̀lú ọ̀rọ̀ 1933. Ohùn rẹ̀ ló rọ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì tó wù mí láti dúró lé lórí ni èyí tí mo túmọ̀ sí “játijàti”. Lédè Jámánì, “meskin” ló kọ. Èdè Jámánì yá ọ̀rọ̀ yẹn lọ́wọ́ Faransé, Faransé gbà á láti Ítálì, gbòǹgbò rẹ̀ sì ni “miskīn” ti èdè Lárúbáwá. Àwọn Mùsùlùmí wa mọ̀ ọ́n dáadáa: mìsìkíìnì, tálákà tí sàká tọ́ sí. Strauss tó ń ka ìwé Al-Farabi, amòye Mùsùlùmí, àti Maimonides, amòye Júù, ti ní láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Nítorí náà, kò pe àwọn Násì ní alágbára burúkú; òtòṣì ẹ̀dá ló pè wọ́n, àwọn tí kò níyì. Ẹ̀gàn ọlọ́lá sí tálákà ló wà nínú rẹ̀. Èyí jẹ́ ká rí i pé ó kórìíra Násì dénú, ó sì tún jẹ́ ká rí irú ìkórìíra tó jẹ́: kò kórìíra wọn torí pé wọ́n ń tẹ èèyàn mọ́lẹ̀, ó kórìíra wọn torí pé wọn kò tó ẹni tí í tẹ èèyàn mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní òun ń ka ìwé ogun tí Késárì kọ, òye rẹ̀ sì ń yé òun jinlẹ̀. Ó tún fa ọ̀rọ̀ yọ lédè Látìn láti inú ewì Virgil, akéwì Róòmù, níbi tí wọ́n ti ń rán àwọn ará Róòmù létí iṣẹ́ tí wọ́n wá ṣe láyé: kí wọ́n jọba lórí àwọn orílẹ̀-èdè, kí wọ́n dá àwọn tó bá túúbá sí, kí wọ́n sì tẹ àwọn agbéraga lórí ba. Ẹ má gbàgbé ìlà ewì yìí. Á tún padà wá.

Ó wá parí rẹ̀ báyìí: kò sí ìdí láti fi ìkùn wọ́ lọ síbi àgbélébùú, títí kan àgbélébùú àwọn olómìnira, níwọ̀n ìgbà tí ìtànṣán ìrònú Róòmù bá ṣì ń tàn níbì kan láyé. Kódà bí kò bá sí, gẹ́tò sàn ju àgbélébùú èyíkéyìí lọ. Lédè Jámánì, ẹni tó “fi ìkùn wọ́ lọ síbi àgbélébùú” ni ẹni tó tẹrí ba, tó ń bẹ̀bẹ̀ fún àánú. Ṣùgbọ́n ta ló ń kọ ọ́ sí? Sí Löwith tó ti ṣèrìbọmi. Àwàdà tó ní ìkọ́ nínú ni. Gẹ́tò sì ni àdúgbò tí wọ́n máa ń há àwọn Júù mọ́ láyé àtijọ́ ní Yúróòpù. Ohun tó ń sọ ni pé: ó tẹ́ òun lọ́rùn kí wọ́n há òun mọ́ àdúgbò pẹ̀lú àwọn èèyàn òun ju kí òun lọ kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀sìn ẹlòmíì tàbí òṣèlú tí òun kò gbà gbọ́.

Ó yẹ ká tún mọ ohun tí “fáṣíìsì” jẹ́ létí ẹni tó gbọ́ ọ ní ọdún yẹn. Lónìí, ọ̀rọ̀ náà àti ilé ìparun Auschwitz kò ṣeé yà sọ́tọ̀. Ní 1933, ó ní orúkọ ẹnìkan: Mussolini, tó ti ń ṣàkóso Ítálì láti 1922. Àwọn Júù wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà yẹn. Guido Jung, tó jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó rẹ̀, Júù ni. Ọdún 1938 ni Mussolini tó gbé òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà jáde sí àwọn Júù. Ní 1934, nígbà tí àwọn Násì pa olórí ìjọba Austria, Mussolini kó ọmọ ogun lọ sí ẹnu ibodè láti dẹ́rù ba Hitler. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ wèrè pé ní oṣù Karùn-ún 1933 ẹnìkan rò pé Róòmù lè kápá Berlin. Àṣìṣe ńlá ni, àmọ́ ó ní ìdí.

Èyí kò wá sọ fáṣísíìmù Ítálì di ohun mímọ́ o. Mussolini ti ń sọ alátakò sẹ́wọ̀n, ó ti fòfin de gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú tó kù, gbogbo ayé sì mọ̀. Strauss náà mọ̀. Àwọn agbèjà rẹ̀ tó ń sọ pé Róòmù ayé àtijọ́ nìkan ló ní lọ́kàn, mi ò gbà fún wọn. Nígbà tí ọ̀gbẹ́ni kan ń jẹ́ “fáṣíìsì” ní gbangba, tó ń fi orúkọ náà jọba lórí Ítálì, o kò lè kọ ọ̀rọ̀ náà sínú lẹ́tà kó o sọ pé Késárì lo ń bá wí.

Lẹ́tà náà kò dá nìkan wà pẹ̀lú. Ní oṣù Keje ọdún kan náà, Strauss kọ̀wé sí Carl Schmitt láti Paris. Ó ní òun ti ń ka ìwé Charles Maurras, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun kọ ìwé ìfinimọni sí i. Maurras ni aṣáájú àwọn apá ọ̀tún tó le jù ní Faransé, tó fẹ́ kí ọba padà, tó sì kórìíra Júù láìfi bò. Schmitt kò fèsì. Hans Jonas, amòye Júù tó mọ Strauss láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn ní Jámánì, tún sọ nínú ìwé ìrántí ayé rẹ̀ pé Strauss ti wà lẹ́yìn Mussolini ní ìbẹ̀rẹ̀, kí Mussolini tó kọjú sí àwọn Júù. Ọ̀rọ̀ Hannah Arendt, amòye obìnrin Júù láti Jámánì, sì wà ńbẹ̀. Ẹni tó kọ ìtàn ìgbésí ayé obìnrin yìí sọ pé Strauss fẹnu ìfẹ́ kọ ọ́ ní ilé ìkàwé ìjọba ní Berlin, Arendt kò gbà, ó sì bu ẹnu àtẹ́ lu òṣèlú rẹ̀: ẹgbẹ́ tó ń sọ ohun tí Strauss fẹ́ràn kò lè ní àyè fún Júù bíi tirẹ̀. Wọ́n ní ìbínú ọ̀rọ̀ yẹn kò tán nínú Strauss fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn méjèèjì tún wá jọ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Chicago lẹ́yìn náà. Ẹ fojú inú wo bí wọ́n á ṣe máa kíra wọn lójú ọ̀nà.

Nítorí náà, ìbéèrè kìíní, èmi gbà pé ó ti yanjú. Ní 1933, aláṣẹ ni Strauss ń fẹ́, kì í ṣe ìjọba àwaarawa. Kì í ṣe Násì, kò sì lè jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ọmọ ìjọba àwaarawa ni láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ka lẹ́tà náà dópin.

Ìbéèrè kejì ló ṣòro.

Strauss kọjá sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1934, ó sì dé New York ní ìparí ẹ̀wádún yẹn, níbi tó ti rí iṣẹ́ ní New School, ilé ẹ̀kọ́ tó gba ọ̀pọ̀ ìsáǹsá ọ̀mọ̀wé mọ́ra. Ní 26 oṣù Kejì 1941, ó sọ̀rọ̀ níbẹ̀ lórí ohun tó mú kí àwọn ọ̀dọ́ Jámánì fẹ́ kí ọ̀làjú òde òní wó lulẹ̀. Faransé ti ṣubú nígbà yẹn, Amẹ́ríkà kò tíì wọ ogun, bọ́ǹbù ń rọ̀ sórí London. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń lọ sópin, ìlà ewì Virgil yọjú padà. Strauss ní àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe àwọn ará Jámánì, ló yẹ láti jẹ́ orílẹ̀-èdè tó ń ṣàkóso ilẹ̀ ọba ńlá, torí pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá àwọn tó túúbá sí, tí wọ́n sì ń tẹ àwọn agbéraga lórí ba.

Ewì kan náà, ọdún mẹ́jọ láàárín. Ní 1933, Róòmù Mussolini ló na ọwọ́ ewì náà sí. Ní 1941, ó ti yí i sọ́dọ̀ Churchill, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn rí èyí bí ẹ̀rí pé ó ti kúrò nílé fáṣíìsì, ó ti bọ́ sọ́dọ̀ ìjọba tó ní ilé aṣòfin àti òmìnira. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ rí i bí ẹ̀rí pé kò sí ohun tó yí padà àfi ẹṣin tó ń gùn. Èmi rí ohun kẹta, torí ibi tí mo ti ń ka ìwé náà. Ní 1941, Ibadan, Abẹ́òkúta àti Èkó wà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń yìn yẹn. Àwọn bàbá wa àgbà wà lára “àwọn tó túúbá” inú ewì náà. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n dá wọn sí dáadáa. Nínú àríyànjiyàn àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ìlú òyìnbó lórí ọkùnrin yìí, ohun tó ń ká wọn lára ni bóyá ó ta ko ìjọba àwaarawa. Díẹ̀ ni wọ́n máa ń dúró lórí pé nínú ìlànà mẹ́ta tó kà sílẹ̀ ní 1933, èyí tó kẹ́yìn, ti ilẹ̀ ọba ńlá, wà lẹ́nu rẹ̀ síbẹ̀ ní 1941, láìsí ìtìjú.

Ó gba ìwé ọmọ ìlú Amẹ́ríkà ní 1944, ó sì dé Chicago ní 1949, ibẹ̀ ló ti lo ọdún tó pọ̀ jù lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tó sọ ní gbangba láti ìgbà yẹn ṣe kedere. Nínú ìwé tó kọ lórí ìjọba apàṣẹwàá ní 1948, ó ní nígbà tí ìjọba apàṣẹwàá dé tí irú rẹ̀ kò sí rí, ìmọ̀ òṣèlú òde òní kò dá a mọ̀. Ní ọjọ́ kejì tí Churchill kú ní oṣù Kìíní 1965, ó dúró níwájú kíláàsì rẹ̀, ó yìn ín gan-an, ó fi í sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi aṣebi tí orí rẹ̀ dàrú, ìyẹn Hitler, sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó tún kọ ọ́ pé àwọn kò gbọdọ̀ jẹ́ apọ́nnilé fún ìjọba àwaarawa, nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni àwọn jẹ́. Ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe wà, ẹjọ́ ti parí.

Kí ló dé tí kò wá parí? Strauss fúnra rẹ̀ ló fà á.

Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ jù lọ ni bó ṣe ń ka ìwé àwọn àgbà. Nínú ìwé kan tó tẹ̀ jáde ní 1952, ó ṣàlàyé pé láyé àtijọ́, amòye tó bá sọ òtítọ́ ní gbangba lè pàdánù orí rẹ̀. Nítorí náà, wọ́n máa ń kọ̀wé ní ìpele méjì: ohun tí gbogbo ayé á kà tí inú wọn á dùn, àti ohun tí ẹni tó fara balẹ̀ nìkan á rí, nínú àṣìṣe tí òǹkọ̀wé mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, nínú ohun tó sọ lẹ́ẹ̀kan tí kò tún sọ mọ́, nínú ohun tó dákẹ́ lé. Ó ní bí Maimonides ṣe kọ nìyẹn, bí Farabi ṣe kọ nìyẹn. Kò yẹ kí èyí ya Yorùbá lẹ́nu. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Ṣùgbọ́n Yorùbá tó ń sọ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ fún ẹ máa ń jókòó níwájú rẹ, o lè wo ojú rẹ̀. Òkú òǹkọ̀wé kò ní ojú tí a lè wò.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọgbọ́n rẹ̀ fún òun náà. Ẹni tó kọ́ wa pé àwọn amòye máa ń fi èrò wọn pamọ́, ṣé òun náà kò fi tirẹ̀ pamọ́ ni? Shadia Drury, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Kánádà, ló gbé èyí jáde gidigidi nínú ìwé rẹ̀ ti 1988. Ó ní ẹ̀kọ́ ìkọ̀kọ̀ Strauss ni pé àwọn ọlọ́gbọ́n díẹ̀ ló yẹ kó máa darí, kí wọ́n sì máa purọ́ fún àwọn mẹ̀kúnnù fún ire ìlú. Lẹ́tà 1933 kò tíì wà nínú ẹ̀sùn Drury nígbà yẹn. Àwọn tó wá lẹ́yìn, lẹ́yìn tí lẹ́tà náà ti jáde nínú ìwé kẹta àkójọ iṣẹ́ Strauss ní Jámánì ní 2001, fi í ṣe kọ́kọ́rọ́. William Altman kọ ìwé tó nípọn ní 2011 láti fi hàn pé ọ̀tá ìjọba àwaarawa ni Strauss títí dópin, pé ṣe ló wá bá Amẹ́ríkà jẹ́ láti inú.

Ibi tí mo ti yapa sí wọn nìyí. Bí o bá ti gbà pé ọ̀rọ̀ gbangba ẹnìkan kò túmọ̀ sí ohun tó sọ, kò sí ohun tó lè sọ tó máa gbà á sílẹ̀ mọ́. Ó yin Churchill: ó ń fi bojú ni. Ó dákẹ́ lórí Mussolini: ẹ rí i, ó dákẹ́! Ẹjọ́ tí olùjẹ́jọ́ kò lè jàre láéláé, kì í ṣe ẹjọ́ mọ́. Strauss ló tilẹ̀ fún irú ìjà burúkú kan lórúkọ ní nǹkan bí 1950: ó pe é ní reductio ad Hitlerum, ìyẹn kí èèyàn rò pé òun ti ṣẹ́gun èrò kan kìkì torí pé Hitler náà ní in lọ́kàn rí. Ó dà bí ẹni pé ó mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀.

Catherine àti Michael Zuckert, tọkọtaya ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Strauss, gbèjà rẹ̀ nínú ìwé kan ní 2006. Wọ́n ní ọ̀nà ìkàwé tó fi ka àwọn àgbà kì í ṣe bó ṣe ń kọ tirẹ̀. Ìyẹn mọ́gbọ́n wá díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó wù mí jù láàárín wọn ni Robert Howse, amòfin, tó kọ ìwé tirẹ̀ ní 2014. Kò bo lẹ́tà mọ́lẹ̀, kò sì fi í ṣe kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilẹ̀kùn. Ó ní Strauss ṣe teshuvah.

Teshuvah ni ọ̀rọ̀ Hébérù fún kí èèyàn yí padà kúrò lójú ọ̀nà burúkú. Ìbátan rẹ̀ ní èdè Lárúbáwá ni tawba, èyí tó gba ọwọ́ Háúsá dé ọ̀dọ̀ wa, tó wá di túúbá. Nínú àlàyé Howse, gbogbo iṣẹ́ tí Strauss ṣe lẹ́yìn 1933, bó ṣe ń bá àwọn tó fẹ́ràn agbára jíròrò, tó ń fi wọ́n hàn bí wọ́n ṣe rí, tó sì ń fi ààlà òfin sí iwájú wọn, túúbá ni. Ó ń dá ara rẹ̀ àtijọ́ lóhùn láìdárúkọ rẹ̀.

Kí n tó sọ bóyá mo gbà, ẹ jẹ́ ká tètè yanjú ìbéèrè kẹta, torí pé òun ló gbé orúkọ Strauss dé inú ìwé ìròyìn. Ní 2003, nígbà tí Amẹ́ríkà gbógun wọ Iraq, àwọn oníròyìn ṣàkíyèsí pé Paul Wolfowitz, igbákejì mínísítà ètò ààbò, ti jókòó ní kíláàsì Strauss rí, àti pé Abram Shulsky, tó wà nínú ọ́fíìsì kan tó ń ṣa ìròyìn abẹ́lẹ̀ jọ lórí Iraq, jẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kíá, wọ́n ti so irọ́ nípa ohun ìjà Iraq mọ́ “irọ́ ọlọ́lá”, èrò inú ìwé Plato, amòye Gíríìkì, tí wọ́n ní Strauss ń kọ́ni. Ọmọbìnrin rẹ̀, Jenny Strauss Clay, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ Gíríìkì, kọ̀wé sí New York Times pé òun kò dá bàbá òun mọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń sọ. Strauss ti kú ní 1973, ọgbọ̀n ọdún ṣáájú ogun náà. Kíláàsì bíi méjì ni Wolfowitz gbà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹlòmíì, Albert Wohlstetter, ló tọ́ ọ sọ́nà nínú iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé. Ogun tó ní epo, ẹ̀rù, ìgbẹ̀san àti ìgbéraga nínú, tí a bá ní ìwé Plato ló fà á, a ti jẹ́ kí àwọn tó fọwọ́ sí i lọ ní ọ̀fẹ́.

Ó wá ku túúbá. Mo fẹ́ gba ti Howse gbọ́. Ohun kan ni kò jẹ́ kí n gbà á tán. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú 1965 yẹn, níbi tí Strauss ti sọ̀rọ̀ nípa ìgbà èwe rẹ̀ jù lọ, ó sọ fúnra rẹ̀ pé èrò òun yí padà. Àwọn tó ń wá túúbá máa ń sáré lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá kà á dáadáa, ìyípadà tó ń sọ ni pé ó ti rò tẹ́lẹ̀ pé kò sí bí èèyàn ṣe lè padà sí ọgbọ́n àwọn àgbà ayé àtijọ́, ó sì wá rí i pé ó ṣeé ṣe. Ó tún sọ ibi tí ìyípadà náà ti kọ́kọ́ hàn: nínú àpilẹ̀kọ tó kọ lórí ìwé Carl Schmitt. Ọdún tí àpilẹ̀kọ yẹn jáde ni 1932.

Ọdún kan ṣáájú lẹ́tà Paris.